Ìlà Mẹ́ta Tó Ṣófo

Irun ìyàwó mi fúyẹ́ lẹ́nu ìgbálẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo rántí àárọ̀ yẹn nílé wa ní Ọ̀kà, lẹ́yìn tó gba oògùn àkọ́kọ́. Mò ń gbá a kúrò nílẹ̀ yàrá, òun jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Òun ló sọ̀rọ̀.

"Orí mi ti di àpáta Ọ̀kà," ló wí. "Ẹ bá mi mú gèlè wá o, Bàbá Ìbejì. Bí wọ́n bá rí mi báyìí níta, wọ́n á ní ọ̀fọ̀ yín ni mò ń ṣe."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń gbálẹ̀ mi lọ.

Olùkọ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu mi. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Òun ló máa ń jókòó tì mí nírọ̀lẹ́, tó ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ohun tí mo bá ṣì kọ. Ìwé yẹn ló gbé mi dé káńsù, ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, níbi tí mo ti ń rìn káàkiri oko títí dé Ìwàrò, tí mò ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń fi oògùn pa koríko. Ọ̀rọ̀ koríko ẹ̀kan ni n kì í fi ṣeré. Ewé ẹ̀kan á gbẹ, àgbẹ̀ á sọ páńpù ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀, á ní ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, ó ń retí òjò. "Ẹ padà wá fọ́n ọn," ni mo máa ń wí. Mo wí i títí wọ́n fi sọ mí ní Ọ̀gá Padà-Wá. Orúkọ náà dùn mọ́ mi nínú. Mo rò pé ọgbọ́n mi ni wọ́n ń yìn.

Nígbà tí wọ́n rí kókó nínú ọmú ìyàwó mi, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, wọ́n rán wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà. Gáréèjì Ìkàrẹ́ la ti ń wọ ọkọ̀. Dókítà obìnrin kan ló gbà wá, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àwọn ìbejì wa lọ púpọ̀. Ó bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Mo ní ọ̀rọ̀ koríko ni mò ń rí sí.

"Ó parí nìyẹn," ló wí. "Dádì, ẹ̀yin lẹ máa bá mi kọ́ Mọ́mì."

Ó ní ara wa kún fún ohun tíntìntín tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, tí ń pín sí méjì nígbà tó bá yẹ. Ti jẹjẹrẹ kò mọ ìgbà tó yẹ, pípín ṣáá ló ń pín. Oògùn kímò tí wọ́n ń fà sí iṣan a máa pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín lọ́wọ́. Kò mọ ọ̀rẹ́, kò mọ ọ̀tá. Ìdí irun, inú ẹnu, ìfun, àti inú egungun tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, gbogbo wọn ló ń yára pín; ìdí nìyẹn tí irun fi ń bọ́, tí ẹnu fi ń bó, tí èébì fi ń gbé èèyàn. Wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sáàárín kí èyí tó dára lè hù padà.

"Jẹjẹrẹ tó bá sùn lọ́jọ́ tí oògùn wọlé lè mú un jẹ," ni dókítà wí. "Ìdí ẹ̀ la ṣe ń padà sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni, Mọ́mì." Ó fún wa ní káàdì onílà mẹ́fà.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ni ìyàwó mi dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ẹ̀fà ná."

A kò dé ẹ̀fà. Lẹ́yìn ìkẹta, mo fi ọwọ́ ara mi wá kókó náà, n kò rí i mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyàwó mi jó jáde lọ jẹ́rìí. Ó ṣí orí rẹ̀, ó kígbe pé, "Ó ti tán!" Ìjọ dìde. Ìyá ìjọ tú gèlè orí ara rẹ̀, ó wé e fún un, òun pẹ̀lú omijé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni ìkẹrin.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, báàgì ti wà nílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, bí àwọn ará ìjọ bá rí wa ní gáréèjì lọ́la ńkọ́? Ṣé kí n ní irọ́ ni mo pa níwájú Ọlọ́run?"

Kò sẹ́ni tó ní ká má lọ. Ojú ló ń tì wá. Ẹ̀kan dìde nínú ọkàn mi, mo rí ewé rẹ̀ tó gbẹ, mo rí gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ ní gbogbo oko dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Bó o bá ṣe fẹ́," ni mo wí.

Ó wò mí díẹ̀, bí olùkọ́ tó ń dúró de ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ló tú báàgì.

Kí ọdún tó yí po, jẹjẹrẹ ti padà, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Dókítà kò bá wa wí. Ó ní oògùn mìíràn wà tí kì í pa nǹkan fúnra rẹ̀. Ara ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń yí ká. Jẹjẹrẹ a máa fi àmì hàn wọ́n pé ọmọ ilé lòun, wọ́n á sì kọjá. Oògùn yìí ló ń bo àmì náà, kí ẹ̀ṣọ́ lè rí olè.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ni ìyàwó mi wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Dókítà ní kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ló ń gbọ́ tirẹ̀, àti pé nígbà mìíràn ẹ̀ṣọ́ á yíjú sí onílé. Wọ́n gé bíńtín lára ìyàwó mi lọ fún àyẹ̀wò. Èsì dé pé a lè gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ìyàwó mi kò lè dìde jókòó mọ́. A sin ín lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Mo bi dókítà bóyá mẹ́ta tó kù yẹn ì bá gbà á là. Ó ní, "Dádì, n kò lè búra." Mo dúpẹ́ pé kò purọ́ fún mi.

Láìpẹ́ yìí, aránṣọ kan jó jáde nínú ìjọ wa kan náà, pẹ̀lú orí tó ń dán. Ìjọ ń hó. Ara mi ni mo rí tó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ó ku mélòó?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Ó ku méjì, sà."

"Ọ̀gá Padà-Wá ti dé o!" ni àgbẹ̀ kan wí lẹ́yìn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rí yín kò ní bàjẹ́ tẹ́ ẹ bá padà lọ," ni mo wí. "Èmi ni màá bá yín dé gáréèjì." A sì jọ lọ. Ìyá ìjọ náà wà nínú ọkọ̀.

Káàdì ìyàwó mi ṣì wà nínú Bíbélì rẹ̀, ìlà mẹ́ta kún, mẹ́ta ṣófo. Bí ó bá ṣì ń fi bírò pupa yẹ iṣẹ́ mi wò níbi tó wà, mo mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn ni mo sọ ọ́; kò ju márùn-ún lọ.