Ìrẹ̀ Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti Àárò Ọkọ Mi

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ro tèmi fún yín. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ ní Kábbà. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ mi lọ sí Lọ́kọ́ja. Sátidé nìkan ni mo ń rí i, ìgbà mìíràn kì í tiẹ̀ wá.

Ó wá fi alángbá kan kọ́ mi lọ́rùn. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà. Ológbò ló gé ìrù rẹ̀ jẹ, ọkọ mi gbà á sílẹ̀, ó kan àgò fún un. Tó bá ti dé, kó tó béèrè àlàáfíà mi, á ní, "Alángbá mi ńkọ́?"

Mo rò ó: bí alángbá yìí bá kú, kí ló tún máa gbé ọkùnrin yìí wálé?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìrẹ̀ nìyẹn, kí oúnjẹ alángbá náà má baà tán. Mo bu iyanrìn tó rin díẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, mo ń fún wọn ní èérí bàbà àti ewé ẹ̀fọ́. Wọ́n yé sínú iyanrìn, ọmọ wọn ń yọ wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá ń ké nírọ̀lẹ́, àárò ọkọ mi á sọ mí débi pé màá gbé oúnjẹ tì.

Sátidé kan, ìyá ọkọ mi dé láti Ìyàrá. Wọ́n kí mi bí a ṣe ń kíra wa níbẹ̀, "Okun o, ìyàwó mi." Mo lọ pọnmi. Kí n tó dé, wọ́n ti ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ìyàwó tó mọ ohun tí ọmọ àwọn fẹ́ràn láti kékeré ni Ọlọ́run fún àwọn. Wọ́n ti yan gbogbo ìrẹ̀ mi, wọ́n fi iyọ̀ sí i!

Kí ni mo fẹ́ wí? Ọkọ mi dé, ó jẹ ẹ́ tán, ó ń pọ́n ìka lá. Ìgbà tó fẹ́ bọ́ alángbá ló rí i pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ṣófo. Ni omi bá bọ́ lójú mi. Ó ní ṣé torí ìrẹ̀ náà ni? Mo ní rárá, àárò rẹ̀ ló ń sọ mí, alángbá rẹ̀ ni mo fi ń fà á wálé.

Ó mú ọkọ́, ó ní ká lọ. A jọ ń wa ìrẹ̀ lẹ́yìn ilé títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé àwọn ará ọ́fíìsì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ti so òun mọ́lẹ̀, ni òun bá ń sọ fún wọn pé alángbá lòun ń lọ wò. Àṣé èmi ni ó ń wá wò látọjọ́ yìí, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́.

Ó padà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àárò náà ò dín, àmọ́ mo ti mọ̀ pé àwa méjèèjì la jọ ń rù ú.

Bí àárò ẹnìkan bá ń sọ yín, ẹ là á mọ́ ọn lójú, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ fi ń bojú nígbà tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á.