Àga Kan Ṣoṣo Ló Ṣẹ́ Kù

"Má tú ẹrù mi o. A tún ń lọ lọ́la."

Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Ó bọ́ bàtà, ó wọ yàrá, ó sùn. Kò jí mọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tún ọkọ̀ òfurufú ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan. Bàbá Sípánà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri àti tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Aago kú lóṣù kẹta. Tíkẹ́ẹ̀tì ò kú, kò sì yè. Wàá kọ orúkọ sílẹ̀, wàá jókòó ní pápákọ̀. Bí àwọn tó sanwó bá wọlé tán tí àga ṣẹ́ kù, wọ́n á pe àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá tún kù, wọ́n á wá rántí àwọn arúgbó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ lókè òkun. Dókítà ti sọ pé ọkàn Bàbá ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Bàbá ní òun gbọ́dọ̀ gbé ọmọ náà kí ilẹ̀ tó ṣú bá òun.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi lọ sí pápákọ̀. Ẹni tó bá máa fò lọ́fẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ wọ táì, àfi bí ẹni pé táì ló ń gbé ọkọ̀ fò. Àràárọ̀ ni mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, àga kan ṣẹ́ kù. Ọmọkùnrin kan tó gba iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n pè. Fàájì ló ń lọ ṣe. Ó ti wọ awò dúdú sójú.

Bàbá dìde. Ó sọ fún obìnrin tó ń pe orúkọ pé, "Ọmọ mi, ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ fi gbé e yìí, mo ti ń tún un ṣe kí wọ́n tó bí i!"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Òfin ni."

"Òfin! Ta ló ṣe é?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọlọ́jọ́ orí bíi tiẹ̀, tí òun náà ń dúró de àga, bú sẹ́rìn-ín. "Sípánà, ìwọ mà ni! Nípàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà tí o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ méjèèjì lo nà sókè fún òfin yìí. O ní kí àwọn arúgbó lọ jókòó sílé, ibo ni wọ́n ń sáré lọ. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà de ìyàwó."

Bàbá jókòó. Ó tú táì díẹ̀. "Ta ló mọ̀ pé èmi náà á dàgbà?"

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé-iṣẹ́ wá kí wa. Àga mẹ́fà la ní. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá fara ti ògiri.

Mo ní kí n lọ yá àga. Ọ̀rẹ́ Bàbá ti pápákọ̀ ní, "Fi sílẹ̀, ọmọ. Ìdúró ti mọ́ wa lára."

Ọ̀gá wọn yin Bàbá títí, ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ dákun, káàdì tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ńkọ́? A máa gbà á padà."

Mo mú un fún un.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tú ẹrù. Fìlà ọmọ kan wà níbẹ̀, nínú ọ̀rá. Ṣẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti rún. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, bó ṣe kọ́ mi.