Ẹ Gba Abẹ́rẹ́ Kí Ẹ Tó Gbé Ọmọ

Èéfín ẹja ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé oyún ńlá lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ bẹ ìyá ọkọ mi. Ilé wọn kò jìnnà sí etí ọ̀sà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sì ti máa ń yan ẹja tí wọ́n bá rà lọ́wọ́ àwọn apẹja kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà. Ìwọ náà mọ bí òórùn ṣe máa ń ṣe aláboyún. Èéfín yẹn wọ imú mi, ó wọ ọ̀nà ọ̀fun, ó jọ pé ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú pàápàá, nítorí ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbá mi níhà. Mo jókòó sórí àpótí, mo fi etí ìborùn bo imú, ìyá ọkọ mi ń fi ọwọ́ lásán yí ẹja padà lórí ààrò bí ẹni pé àwọn àti iná ti jọ ṣàdéhùn. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò gùn rárá: mo fẹ́ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlù, ọ̀fìnkìn líle tó ń mú ibà àti ikọ́ dání, kí n tó bímọ.

O lè máa rò ó pé kí ló kan abẹ́rẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀. Àkọ́bí mi ló kàn án. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí àrùn yìí mú un. Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde, oníkálukú ń gbé e, oníkálukú ń fẹnu kò ó lẹ́nu. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni kò lè mu ọyàn mọ́. Bó bá ti ń mí, ìhà rẹ̀ á wọnú, á jáde, bí ọ̀rá tí èèyàn ń fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n ti rọ́bà atẹ́gùn bọ̀ ọ́ nímú, mo sì dúró ti bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn, n kò lè wo nǹkan mìíràn ju àyà rẹ̀ lọ. Ọlọ́run dá a padà fún wa. Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nítorí náà, nígbà tí oyún kejì dúró, tí nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé ọmọ tuntun kò lè gba abẹ́rẹ́ fúlù títí á fi pé oṣù mẹ́fà, pé àwa tí a yí i ká ni ọgbà rẹ̀, mo na apá mi sí i lójú ẹsẹ̀. Mo wá ro àwọn tí yóò máa gbé ọmọ náà lójoojúmọ́. Ìyá mi, ọkọ mi, ìyá ọkọ mi. Mo ní àwọn mẹ́ta péré, kí ló le níbẹ̀?

Ìyá mi gba tiwọn ní Òṣogbo láìjanpata, wọ́n wá ń pe gbogbo ẹbí lórí fóònù láti ròyìn apá tó ń dùn wọ́n, títí àbúrò mi fi pè mí pé kí ni mo fi ṣe Màmá. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò kọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ ì bá sàn, wàá rí i bá jà. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” A ó kọjá níwájú ilé oògùn tí wọ́n ti ń gún un ní Ìtamága, ní Ìkòròdú tí à ń gbé, á sì rántí pé ẹnìkan ń dúró de òun ní ibùdókọ̀ Benson. Oníṣẹ́ iná ni o! Ọkùnrin tó ń gun òpó, tó ń fọwọ́ kan wáyà tí èmi kò jẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ló ń sá fún abẹ́rẹ́ tí kò gùn tó ìka ọwọ́.

Ó wá ku ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń yan ẹja níwájú mi yìí.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa gún un.”

“Abẹ́rẹ́ kí ni? Ṣé mo sọ fún ọ pé ara mi ò yá ni?”

Mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ojú wọn ń yí padà. Wọ́n fi ẹja sílẹ̀. “Ìyàwó, ọkọ tí o fẹ́ yẹn, ta ló wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ló wá dọ̀tí nísinsìnyí, ẹ lọ wá ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ mọ́.”

Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi àkọ́bí mi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn ló tún wá bà á jẹ́ pátápátá. Wọ́n kọjú sí ààrò, wọ́n ń yí ẹja wọn lọ. Agbọ̀n ni mo fi ń pọn omi. Nígbà tí mo dìde, wọ́n di ẹja sínú ọ̀rá fún mi pé kí n gbé e fún ọmọ-ọmọ àwọn, wọn kò sì sìn mí dé títì, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń sìn mí ni. Láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìkòròdú ni mo gbé ẹja yẹn lé itan, tí mo ń bá ara mi jà nínú mọ́tò.

Nígbà tí mo délé wa ní Lásunwọ̀n, ọkọ mi ní, “Fi Màmá sílẹ̀, wọ́n á gbà á.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ọ̀rẹ́ mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́, ìbínú ni. Mo ní ẹni tí kò bá gba abẹ́rẹ́, ojú fèrèsé ni yóò ti máa wo ọmọ yìí, bó jẹ́ ẹni tó fún mi lóyún pàápàá ni. Ó rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Kí lọkọ mi wá ṣe? Ó bọ́ síta, ó pe ìyá rẹ̀, ó ní, “Màmá, ìyàwó yín ní tẹ́ ò bá gba abẹ́rẹ́, ẹ ò ní gbé ọmọ o.” Bó ṣe gbé e kalẹ̀ nìyẹn, láì fi iyọ̀ sí i, láì fi epo sí i. Mo ní ó ti parí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó parí ìmúra ọmọ fún ilé ìwé, ìyá ọkọ mi ti wà lẹ́nu géètì wa. Wọ́n ti kírun àsùbáà tán ní Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó wọkọ̀. Wọn kò jókòó, wọn kò gba omi lọ́wọ́ mi.

“Níbo ni wọ́n ti ń gún un?”

Ẹnu yà mí. “Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe...”

“Mo ní níbo ni? Ẹ ò ní fi abẹ́rẹ́ gba ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́ mi.” Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. “Dìde, ká lọ.”

“Màmá, ẹnìkan ń dúró dè mí ní Benson.”

“Kó dúró.”

Ní ilé oògùn, nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́ jáde láti inú fíríìjì. Ìyá ọkọ mi ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní “Bisimilahi,” ó sì ti tán. “Ìyẹn náà nìyí?” Ó wá kan ọkọ mi. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọ̀kadà òun níta. Ìyá rẹ̀ wò ó títí.

“Ta ni mo bí yìí? Ìwọ tí ò ń gun òpó?”

Wọ́n fà á jókòó, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, wọ́n sì fi ọwọ́ kejì tẹ orí rẹ̀ mọ́ èjìká wọn bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Ọkùnrin tó ti ń hu ewú! Nọ́ọ̀sì ti gún un tán, ó ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò tipẹ́ kí ọkọ mi tó lajú. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú.

Ọkọ mi gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, èmi àti ìyá rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ Marúwá padà sílé. Ojú títì ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. “Ìyàwó, nígbà tí ọmọ yẹn ṣàìsàn, èmi náà ń sín lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí ẹ bi mí, mo ní àárẹ̀ ọ̀nà ni.”

Mo ní, “Màmá, àlejò pọ̀ nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kó o ràn án.”

“Mo ti wá mọ̀ báyìí pé o ò mọ̀. Nígbà tí o wá bá mi nídìí ẹja, mo rò pé o ti mọ̀, pé o wá sọ fún mi kí n má wá mọ́ ni.”

Mo di ọwọ́ wọn mú. Ọwọ́ náà le, ó gbóná. Títí a fi sọ̀ kalẹ̀, n kò fi í sílẹ̀.

Ọmọkùnrin ni mo bí. Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń nà án, tí wọ́n ń fi í ṣeré lórí ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé láti Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ń wúkọ́, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kó kí ọmọ láti ibẹ̀, kó máa lọ, kó padà wá nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ìyá mi ní sójà ni obìnrin yìí. Ọkọ mi ní tirẹ̀, títí di òní, ibi tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ bá ti délẹ̀, á ní òun lòun kó gbogbo wọn lọ. Mo ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, tó gba tirẹ̀, ìyá ọkọ mi ló gbé e lé ẹsẹ̀. Mo wò wọ́n, mo sì ronú nípa gbogbo àlàyé tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn ní Ẹ̀pẹ́, tí mo rò pé àìmọ̀ wọn ni mo ń bá jà. Wọ́n ti gbọ́ mi yé látìgbà tí mo kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹ̀rù pé a kò fẹ́ wọn mọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n lè dá mi lóhùn. Báyìí, bí mo bá fẹ́ bẹ àgbà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, n kì í kọ́kọ́ dárúkọ àìsàn. Mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn pé, “Ọmọ ń retí yín.”