Ìbéèrè tí Wọn Kì í Bi Aláìsàn

Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo òwò wa wà. Oúnjẹ adìyẹ ni èmi àti ọkọ mi ń tà ní àdúgbò Challenge. Bí ọlọ́sìn adìyẹ bá dé, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á tẹ iye àpò tó fẹ́, rìsíìtì á jáde, ẹni tó ń ṣọ́ sítọ̀ ò sì ní gbé àpò kankan síta láìrí rìsíìtì náà. Kọ̀ǹpútà á yọ ọ́ kúrò nínú ọjà tó kù, á kọ gbèsè sí ọrùn ẹni tó bá rà á láwìn, á sì sọ fún wa nígbà tó bá yẹ ká ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ náà. Kó tó dé, ojoojúmọ́ là ń jà lórí àpò tó sọnù. Mi ò ní purọ́, ẹ̀rọ yẹn fún wa ní àlàáfíà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọkọ mi nìkan ló láṣẹ lórí rẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ nìkan ló lè yí iye owó ọjà padà. Ó ní bí ẹlòmíì bá ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni olè máa gbà wọlé. Mo ní ṣé èmi náà wà lára àwọn olè ọ̀hún ni, ó kàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí kídìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ọsibítù kan ní Ring Road la gbé e lọ. Wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù la fi ń san án. Lọ́jọ́ kan, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní fífọ ẹ̀jẹ̀ náà kàn lè fún un ní àkókò díẹ̀ sí i ni, kí n múra ọkàn mi sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Àlàájà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, àwọn ló tọ́ ọ dàgbà. Wọ́n sunkún, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n wá di ọwọ́ mi mú.

“Ìyàwó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ẹ̀ o. Má sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀, ì báà ṣe owó, ì báà ṣe kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ń bi aláìsàn níbi tó kó nǹkan sí, ogún ẹ̀ ló ti ń pín yẹn.”

Mo ní ẹ ṣeun mà. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Nígbà tí bàbá tèmi ń ṣàìsàn, kò sí ọmọ kankan tó bi wọ́n níbi tí ilẹ̀ tí wọ́n rà ní Mọ́níyà wà, a ò sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Bí a ṣe wá ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan nìyẹn. Ọkọ mi á ní kí òjò tó rọlẹ̀ dáadáa òun á ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wa á sì ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ fowó kún ọjà. Ọmọbìnrin ìdí kọ̀ǹpútà pè mí.

“Mummy, ẹ̀rọ ò gbà o. Iye àtijọ́ ló ṣì ń gbé jáde. Ó ní mi ò láṣẹ láti yí i.”

Àpò kọ̀ọ̀kan tí a bá tà, àdánù ni. Mo ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà tì, kí wọ́n máa fi bírò kọ ọ́. Kò pẹ́ tí ọjà inú sítọ̀ àti èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ò fi bára mu mọ́, àwọn oníbàárà ń jiyàn lórí gbèsè, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pe ara wọn lólè. Mo pe ọmọkùnrin tó ṣe ètò náà fún wa. Ó ti jápa lọ sí Kánádà. Ó ní bí kò bá sí páásíwọ́ọ̀dù yẹn, àfi kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Gbogbo gbèsè tí wọ́n jẹ wá á bá a lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó gbèsè náà la fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi. Omi wá tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bí mo bá dákẹ́, owó ìtọ́jú tán. Bí mo bá béèrè, yóò mọ̀ pé òun ń kú lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọsibítù, Àlàájà lọ kírun Àsárì. Mo ń fi tówẹ̀ẹ̀lì nu ẹsẹ̀ ọkọ mi tó wú.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù?”

Ó wò mí títí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni mo bá wolẹ̀.

“Kí ni dókítà sọ fún ẹ?”

“Kò sọ nǹkan kan. Wọ́n fowó kún ọjà ni.”

“Mo ti gbọ́ ìyẹn. Kí ni dókítà sọ?”

Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n lọ gbé láptọ́ọ̀pù òun wá láti ilé wa ní Bódìjà.

Nígbà tí mo fi máa dé, Àlàájà ti padà. Wọ́n rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n dìde, wọ́n sì jáde. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù wa ṣì ń tajà, àwọn ènìyàn sì ń yìn mí pé mo gbọ́n, ṣùgbọ́n Àlàájà ò bá mi sọ̀rọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Ọkọ mi tó fi àṣẹ gbogbo sọ́wọ́ ara rẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀, inú sì ń bí mi sí i.

Lọ́jọ́ yẹn, bí Àlàájà ṣe jáde, ọkọ mi yí iye owó padà. Ó pe ọmọbìnrin ìdí kọ̀ǹpútà lórí fóònù pé kó ta àpò kan ká wò ó, rìsíìtì sì jáde ní iye tuntun. Ó fi hàn mí bí mo ṣe máa mọ ọjà tó fẹ́ tán, àti àwọn tí mi ò gbọdọ̀ tà láwìn fún bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ tó. Ó ń ṣàlàyé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun níṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ṣí ibi tí orúkọ aláṣẹ wà. Ó ń fi ìka tó wú pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a ṣe é, ó ní rárá. Ó fi orúkọ mi síbẹ̀, ó ní kí n fi páásíwọ́ọ̀dù tèmi sí i, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́.

“Wá fi tèmi wọlé ká wò ó.”

Mo tẹ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Ó ti dáa,” ló wí, ó sì ní kí n bá òun sún ìrọ̀rí wálẹ̀.