Àwọn Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Ibi Tí Wọ́n Ń Lọ

Mò ń fi gọ́ọ̀mù lẹ asà kéékèèké mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ onígi kan nígbà tí ọ̀gá wa wọlé, tó tẹjú mọ́ iṣẹ́ wa, tó sì kígbe pé, "Khalas! Ó tó! Ta ló to àwọn ènìyàn yìí báyìí?"

Ọkọ mi ló to àwọn ọmọ ogun onígi náà sínú ọkọ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní Sharjah, ní ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí wọ́n ti ń fi igi gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kéékèèké fún ẹ̀ṣọ́ ilé. Hòtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Al Barsha ló ní ká ṣe èyí: ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Róòmù, ti ìgbà tí agbára wọn ti ń tán lọ. Ó tín-ínrín, ó fúyẹ́. Odò ńlá tó jẹ́ ààlà ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń ṣọ́, kí ọ̀tá má baà kọjá. Ọmọ ogun fúnra rẹ̀ ló ń wà á, asà rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ mi. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ń wakọ̀ ń wo iwájú, torí náà ó kọjú gbogbo wọn síwájú. Ọ̀gá wa, ará Kerala, mú àwòrán oníbàárà wá fi hàn wá. Ẹ̀yìn ni àwọn ará Róòmù kọ sí ibi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n lè fi gbogbo ara fa àjẹ̀. Ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú ní ìdí ọkọ̀ nìkan ló ń rí iwájú.

"Ta ló ń lọ sógun tó ń wo ẹ̀yìn?" ọkọ mi bi í.

"Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ dúró sí èbúté," ọ̀gá dáhùn, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Yalla, ó yá, ẹ tú wọn."

Ó pẹ́ ká tó fi ọ̀bẹ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìdá ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí a fi máa parí, hòtẹ́ẹ̀lì náà ní àwọn ò gbà á mọ́. Ọ̀wọ́n owó ti dé, àwọn kiréènì ti dúró sójú kan. A fi ọ̀rá bo ọkọ̀ náà lórí pẹpẹ. Ọ̀gá ní ẹnì kan ṣoṣo lòun lè tún fìsà ṣe fún, ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ tí yóò sì máa lẹ nǹkan. Èmi ni.

Láti ìgbà náà ni ọkọ mi kò ti sùn dáadáa ní yàrá onípákó wa ní Hor Al Anz.

"Èmi ni mo fà á," ló máa ń wí. "Ká ní mi ò kọjú wọn síwájú ni, à bá ti gbé e fún wọn kí ọ̀wọ́n owó tó dé."

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin metro lọ sí Al Barsha lọ wo hòtẹ́ẹ̀lì náà. Irin àti kọnkéré lásán ni.

"Dádì, ilé yẹn ò tiẹ̀ ní òrùlé. Ibo ni wọn ì bá gbé e sí?" mo bi ọkọ mi nígbà tí mo délé.

Ó ní mo kàn ń tu òun nínú ni.

Nígbà tí fìsà rẹ̀ tán, mo sìn ín lọ sí pápákọ̀ òfurufú kó lè padà sílé; ó kọjá ibi tí èmi ò lè kọjá. Ló bá yí padà, ó kọjú sí mi, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ, ó gbá báàgì mú bí ẹní ń fa àjẹ̀. Ó kọlu obìnrin kan, ó bẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu mi.

"Mọ́mì," ó ké láti ọ̀hún, "kò ní òrùlé lóòótọ́?"

"Kò ní, Dádì. Ojú mi ni mo fi rí i."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ó dáa. Lọ jẹun. O ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀."