Bí A Ṣe Ń Kí Àwọn Tó Ń Já Ewé Tíì

Ìkùukùu bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, òtútù sì ń ta bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ la máa ń tẹ̀lé ìyá wa lọ sóko kòkó, ìrì á ti rin ìró wa dé orúnkún kí a tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n oko kòkó kọ́ ni mo wà lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí o. Orí òkè tíì ni, ní Sri Lanka, èmi ìyá àgbà ará Peckham ní London tí ìwé mi ò kọjá kíláàsì kẹta.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló gbé mi débẹ̀. London la bí i sí, New Cross ló ti ń kàwé. Wọ́n ní kó lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń já ewé tíì, kó fi kọ iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ gbà, kò ní lè jáde lọ́dún yẹn. Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní jẹ́ kó dá lọ. Mo ní èmi á bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gbọ́. Ooru ń mú nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ojú irin bá ṣe ń gòkè lòtútù ń pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ má ki súwẹ́tà sí ìsàlẹ̀ báàgì. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú. Eṣúṣú pọ̀ nínú koríko tútù. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú sọ́ọ̀kì, kí ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ ra sọ́ọ̀kì náà lára. Ọ̀sán lòjò fẹ́ràn níbẹ̀, àárọ̀ ni kí ẹ jáde. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, bíi tiwa.

Ìyẹn rọrùn. Ti èèyàn ló le.

Ìyá onílé tí a wọ̀ sí ti bá wa gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni oko, òun náà ló ń túmọ̀. Ọmọ ọmọ mi dúró sétí oko, ó na fóònù síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ó padà wá bá mi, ojú ẹ̀ ti pọ́n.

"Grandma, wọn ò fẹ́ talk sí mi. Mo ti fail nìyẹn."

"Ṣé o kí wọn?"

"Mo sọ hello now."

"Hello, fún ẹni tó gbẹ́rù sẹ́yìn? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ìyá ẹ nìyẹn?"

Lóko bàbá mi, àwọn kan máa ń wá pẹ̀lú ìwé àti gègé, wọ́n á dúró lé wa lórí, wọ́n á máa bi wá ní ìbéèrè. Ìyá mi kì í sọ ju "Ẹ bi baálé" lọ. Ọkùnrin kan wá dé lọ́jọ́ kan, ó kí wa kú iṣẹ́, ó bọ́ bàtà, ó jókòó ti òkìtì kòkó, ó ń bá wa yọ hóró. Kó tó lọ, ìyá mi ti sọ ohun tí bàbá mi gan-an ò mọ̀ fún un, ó sì tún fi iṣu sísun lé e lọ́wọ́.

Mo ní kí ọmọ mi fi fóònù sápò. Mo lọ bá wọn, mo tẹ orúnkún díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á fún yín lókun." Mo já ewé ńlá kan, mo jù ú sínú àpò ẹ̀yìn ìyá tó dàgbà jù nínú wọn. Ìyá yẹn yọ ọ́ jáde, ó gbé e sókè, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo bi ìyá onílé pé kí ló wí. Ó ní, "Ó ní ewúrẹ́ òun nìkan ló ń jẹ irú èyí."

"Ẹ sọ fún un pé ewúrẹ́ mìíràn ti dé láti London."

Ìyá yẹn di ọwọ́ mi mú, ó fi hàn mí: ewé méjì pẹ̀lú ọ̀mùnú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi náà bọ́ sí i, ó ń já. Nígbà tí wọ́n fi máa sinmi, àwọn gan-an ló ń bi í bóyá ó ti lọ́kọ. Ó tọrọ àyè kó gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí. Orí mi wú.

Láyé tiwa, kíkí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dà bíi mímí. Lónìí, èèyàn lè bá aládùúgbò gbé ní Peckham títí kó má mọ ohùn rẹ̀. Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ wa ni kíkí yẹn máa parí sí. Ọmọ London kọ́ ọ láàárọ̀ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìdájí, àwọn obìnrin náà fúnra wọn ló wá kanlẹ̀kùn. Ọmọ yẹn ni wọ́n wá pè, wọn ò tilẹ̀ béèrè mi. Mo ní kí wọ́n máa mú un lọ. Mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sùn títí oòrùn fi yọ.