Àpótí Orin Ìyálé Mi

Òkú ni mo ń bá jowú. Mo mọ̀ pé kò ṣeé gbọ́ sétí, àgàgà lẹ́nu obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tó sì máa ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ká má purọ́. Orogún tó wà láàyè, èèyàn lè bá a jà, èèyàn lè rí i lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ rẹ̀ jóná. Èyí tó ti kú kì í darúgbó, kì í ṣẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń dára sí i.

Ọkọ mi ti fẹ́ ìyàwó kan kí n tó dé. Obìnrin náà ṣàìsàn, ó kú, ó sì fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀ tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀. Èmi ni mo tọ́ ọmọ yẹn. Èmi ni mo ń di irun rẹ̀, èmi ni mo gbé e pọ̀n lọ sí ọsibítù nígbà tí ibà fẹ́ mú un lọ, èmi ni mo jókòó tì í títí ó fi mọ ìṣirò. Èmi fúnra mi ò bímọ. Ọlọ́run kò fún mi, mo sì ti bá a sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Ọmọ náà gbọ́ràn, ó mọ ojú mi, kò sí ọdún tí kì í ra aṣọ fún mi. Ṣùgbọ́n “Àǹtí” ló ń pè mí. Obìnrin inú fọ́tò tó wà lára ògiri ni “Màmá”. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé yìí ni pé kí ọmọ yẹn mọ̀ mí ní ìyá, ohun náà gan-an sì ni ẹni tó wà nínú fọ́tò kò jẹ́ kó tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Ìbàdàn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a ń jẹ iyán nílé wa ní Arámọ̀kọ, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní àwọn kásẹ́ẹ̀tì fídíò Màmá tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ti ń bu. Ìyá rẹ̀ ló máa ń dá orin nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà ayé rẹ̀, kò sì sí ìkórè tàbí ìgbéyàwó tí wọn kì í ká a sínú fídíò. Ọmọ náà fẹ́ kí a gbé gbogbo rẹ̀ sínú ohun tí kò ní í tètè bàjẹ́, kí a lè máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n èyíkéyìí nínú ilé, kí òun náà sì lè máa rí i ní Ìbàdàn.

“Àǹtí rẹ ló mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà,” ni ọkọ mi wí. “Òun ni yóò yan èyí tó dáa.” Ó gé òkèlè, ó tì í bọ ọbẹ̀, bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan.

Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lórí: kí n yan ilé fún orogún mi, kí n sì rí i pé ilé náà kò ní í wó láéláé.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Adó. Ọmọbìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé oríṣiríṣi àpótí kalẹ̀ níwájú mi, kò sì sí èyí tó tóbi ju ìwé Bíbélì àgbà lọ. Ẹ ó so ó mọ́ ráútà yín, ó ní, ẹ ó kó fíìmù àti orin sínú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n yín àti fóònù yín yóò sì máa fà á láti ibẹ̀ láìjẹ dátà. Ìyẹn dùn mọ́ mi, torí nẹ́tíwọ̀kì tiwa, òjò kàn ṣú ni, ó ti sá lọ. Ohun tó kù láti yàn ni bóyá oníkan, ìyẹn èyí tó ní háàdì kan ṣoṣo nínú, tàbí èyí tó ní méjì.

“Mọ́mì, tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ọjọ́ tí háàdì yẹn bá kú, gbogbo nǹkan bá a lọ nìyẹn,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Àmọ́ tó bá jẹ́ méjì, ohun tó bá wọ ọ̀kan, ìkejì náà yóò gbà á. Tí ọ̀kan bá kú, ìkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ ò tiẹ̀ ní í mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.”

Mo wò ó dáadáa, bóyá ẹnì kan ló rán an sí mi. Tí ọ̀kan bá kú, ìkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣé kì í ṣe ayé mi ló ń rò fún mi yìí?

Mo ní kí ó fún mi ní oníkan. Kì í ṣe pé mi ò mọ èyí tó dáa. Bí ọmọ ilé ìwé mi bá dáhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, òdo ni màá fún un. Inú mi ló ń sọ pé jẹ́ kó wà nínú ilé náà, àmọ́ má jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí. Mo pe ọkọ mi láti ibẹ̀, mo sọ ohun tí mo fẹ́ rà fún un.

“Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?” ni ó bi mí.

“Kò sí ohun tí kì í bàjẹ́.”

“Tíṣà,” ni ó wí, “ṣe é bí o ṣe máa ṣe é ká ní tìrẹ ni. Kí o sì tètè máa bọ̀ wá ulé.”

Ohun tó ń dùn mí jù lọ́rọ̀ ọkùnrin yẹn nìyẹn. Kì í jà. Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, oníkan ni ǹ bá gbé wálé. Mo ra oníméjì, mo tún ra bátìrì tí yóò gbé e dúró bí wọ́n bá mú iná lọ, torí iná kì í dágbére fún wa lápá ibí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí itan nínú mọ́tò, inú ń bí mi títí a fi dé.

Fọtógíráfà kan ní Ìjerò ló ṣì ní ẹ̀rọ tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kásẹ́ẹ̀tì kì í gba ìkánjú. Bí orin ìkórè náà ṣe pẹ́ tó lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó wọ kọ̀ǹpútà. Bàbá náà ní òun ní oníbàárà níta, kí n jókòó tì í, kí n sì pe òun bí àwòrán bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Báyìí ni mo ṣe jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì tí mò ń wo obìnrin yẹn, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, tí mo sì tún padà lọ lọ́jọ́ kejì.

Mo wá àléébù rẹ̀ títí. Ìdí rẹ̀ kò tóbi jù, eyín rẹ̀ funfun, gèlè rẹ̀ kò wọ́. Nígbà ìkórè kan, ohùn rẹ̀ já níbi tó ga jù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àṣé mo yára dúpẹ́ jù. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ìjọ bá pàtẹ́wọ́ fún un. Àṣìṣe rẹ̀ pàápàá, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀! Bàbá fọtógíráfà yọjú wọlé. “Ẹ̀gbọ́n yín nìyí, àbí?” ni ó wí. “Ẹ mà fẹ́ràn rẹ̀ o. Ẹ ò mójú kúrò lára rẹ̀.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo so àpótí náà mọ́ ráútà ní pálọ̀, tí mo sì ti kó àwọn fíìmù tèmi náà sínú rẹ̀, mo gbé ọ̀kan lára fídíò náà sí i kí ọkọ mi lè rí i pé iṣẹ́ ti parí. Bí obìnrin náà ṣe lanu báyìí, ọkọ mi dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé. Kò padà wọlé títí orin fi tán. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e sí i. Mo ní, ẹ wo bí ìfẹ́ ṣe pọ̀ tó, kò lè fojú kàn án. Ọjọ́ tí èmi bá kú, yóò jókòó wò mí dáadáa ni.

Ó ku kí n fún àwọn fídíò náà lórúkọ. Mo na ọwọ́ láti tẹ orúkọ obìnrin náà, ọwọ́ mi kọ̀. Ìyàwó kì í pe ìyálé lórúkọ. Ó ti kú kí n tó dé, mi ò bá a jẹun rí, àmọ́ ó wọ ilé náà ṣáájú mi, “Ìyàwó” sì ni àwọn ará ilé ọkọ mi ṣì ń pe èmi pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi yìí. Ni mo bá tẹ “Ìyálé”. Ìyálé Ìkórè, Ìyálé Àjíǹde, Ìyálé Níbi Ìgbéyàwó. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mò ń kùn.

Mo fi ọ̀nà tí ọmọ náà yóò fi máa wọ àpótí náà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i, kò sì pẹ́ tí fóònù fi dún láti Ìbàdàn. Mò ń já ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, mo sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ náà ń sọ.

“Dádì, ẹ bá mi bi Àǹtí, ibo ni wọ́n fi Màmá sí? Mo tẹ orúkọ rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mo tẹ ‘Màmá’, kò sí. Fíìmù tí Àǹtí ń wò ló kún ibẹ̀. Àbí wọ́n ti fi í pamọ́ ni?”

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í tú ẹrù wò, orúkọ ni wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìbá yanjú ọ̀ràn náà, ó sì wà lẹ́nu mi. Mi ò sọ ọ́. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n rò pé mo lè gbé òkú pamọ́. Ó dáa, kó wá wá a fúnra rẹ̀. Ọkọ mi wò mí, mò ń já ẹ̀fọ́ mi lọ.

Ọjọ́ Sátidé ló dé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ojú rẹ̀ le. Mo na rìmóòtù sí i. Ó wo ara tẹlifíṣọ̀n títí.

“Àǹtí, ta ni Ìyálé?”

“Ta ni ìbá tún jẹ́? Ṣé èmi ni kí n pè é lórúkọ?”

Ó wò mí, ó ní kí n máà bínú. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ti jáde, ó ku àwa méjì. Mo mú ọkàn mi le. Mo ní báyìí ni yóò bú sẹ́kún, yóò máa pe “Màmá, Màmá,” èmi yóò sì di àlejò nínú pálọ̀ ara mi.

Kò sunkún. Ó gbọ́ orin náà tán, ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló pa á.

“Mi ò dá a mọ̀,” ni ó wí.

“Kí ni o ò dá mọ̀?”

“Ohùn yìí. Ẹnì kan máa ń kọrin fún mi tí mo bá fẹ́ sùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí nípa Màmá nìyẹn. Mo rò pé bí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, màá dá a mọ̀.” Ó yíjú sí mi. “Kì í ṣe ohùn yìí, Àǹtí. Ohùn yín ni.”

Mi ò ní purọ́. Nǹkan kan fò sókè nínú mi. Ohun tí mo ti ń jowú fún láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, ó dé, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo wá wo ojú ọmọ náà. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ mi, tó ń wo ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Lọ́kàn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ibẹ̀ náà ló kú sí, nínú pálọ̀ mi, èmi ni mo sì gba ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo dá fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

“Má wo ẹnu rẹ̀,” ni mo wí. “Wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀ kó tó gba orin. Ṣé o rí i?”

“Mo rí i.”

“Ó ti fẹ́ yíjú sápá ọ̀tún báyìí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé jókòó sí. Wo èyí tó wọ aṣọ olómi aró, tó gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan.”

Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. “Ta nìyẹn?”

“Dúró ná,” ni mo wí. “Ìwọ ló ń wò yẹn.”